Ọ̀nà tí ilé ìwé ń gbà yan ọmọ sí kíláàsì àwọn olóye: ìfiwéra fún olùkọ́ àti òbí

"Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú." Òwe yìí ló ń darí ojú ọ̀pọ̀ wa. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bí àgbà, tó ń nawọ́ kí tíṣà tó béèrè ìbéèrè tán, òun la máa ń pè ní olóye. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí nínú kíláàsì kan. Wọ́n kọ ìbéèrè sójú pátákó: nínú 5/6 àti 7/8, èwo ló tóbi jù? Gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà tí 6 àti 8 jọ lè pín, wọ́n ń ṣe ìṣirò gígùn bí wọ́n ṣe kọ́ wọn. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá kọ ìlà méjì péré: "Èyí ku 1/6 kó pé. Èyí ku 1/8 kó pé." Ó fi bírò yí 7/8 po, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó wá ń wo ìta lójú fèrèsé. Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí wọ́n dá ìwé padà, wọ́n ti yọ nínú máàkì rẹ̀, wọ́n ní kò ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí tíṣà kọ orúkọ àwọn ọmọ tó yẹ kó ṣe ìdánwò kíláàsì àkànṣe, ìyẹn kíláàsì àwọn olóye. Orúkọ ọmọ yẹn ò sí níbẹ̀.

Mi ò dá tíṣà yẹn lẹ́bi. Ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ lé ní ọgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kì í dààmú ẹnikẹ́ni, ojú máa ń fò ó ni. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ìdánwò nìkan kọ́ ló ń yan ọmọ. Ilẹ̀kùn tí ilé ìwé bá ṣí kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ti yan ọ̀pọ̀, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ padà. Nítorí náà, bí ẹ bá wà nínú ìgbìmọ̀ tó fẹ́ dá irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tàbí ẹ jẹ́ òbí tí wọ́n fún ní fọ́ọ̀mù láti kọ ọ̀rọ̀ sí, ẹ jẹ́ ká gbé àwọn ọ̀nà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ká wo èyí tó yẹ ká mú.

Kí ni kíláàsì náà fẹ́ kọ́ wọn?

Ibí ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ń ra ìdánwò kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ tó bá yege ṣe. Bó bá jẹ́ ìṣirò ọdún tó ń bọ̀ lẹ fẹ́ kọ́ wọn lọ́dún yìí, ìṣirò ni kí ẹ fi yẹ̀ wọ́n wò. Kí ló kan ọmọ tó mọ ìṣirò dunjú pẹ̀lú àròkọ tí kò dán? Bó bá sì jẹ́ ìwé kíkà àti ìwé kíkọ ni, ìdánwò tó kún fún àwòrán kò ní sọ ohun tó pọ̀ fún yín.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń gbàgbé. Ìdánwò tó bá ipele kíláàsì ọmọ mu ní òrùlé. Bí ọmọ mẹ́wàá bá gba 100 nínú 100, ẹ ò lè mọ èyí tó kàn mọ iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀ dáadáa yàtọ̀ sí èyí tó ti lọ jìnnà. Julian Stanley ní Yunifásítì Johns Hopkins rí ọ̀rọ̀ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sí 1979. Ó gbé apá ìṣirò nínú ìdánwò SAT, tí àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì ń ṣe, fún àwọn ọmọ ọdún méjìlá àti mẹ́tàlá. Àwọn ọmọ tó jọ pé wọ́n dọ́gba nínú ìdánwò kíláàsì wọn wá fọ́n káàkiri: àwọn kan gba máàkì tó kéré, àwọn kan sì ṣe ju ọ̀pọ̀ àgbà lọ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé bí kíláàsì yín bá jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ sáré, ìdánwò tó ga ju ipele wọn lọ ló máa sọ òótọ́ fún yín.

Kí tíṣà àti òbí dárúkọ ọmọ, àbí ká yẹ gbogbo wọn wò?

Bí mo bá ní kí ilé ìwé ṣe àtúnṣe kan ṣoṣo, ibí yìí ni mo máa fọwọ́ sí.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni ìdárúkọ. Tíṣà máa kọ orúkọ, tàbí òbí máa wá béèrè, ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa gbé ìdánwò fún ọmọ náà. Ọ̀nà yìí ò ná wọn lówó púpọ̀, ó yá, ó sì dà bí ẹni pé ó bá ọgbọ́n mu, torí ta ló mọ ọmọ ju tíṣà àti òbí rẹ̀ lọ? Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ọmọ tí tíṣà máa ń kọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní ni, tó ń jókòó jẹ́ẹ́, tó ń parí iṣẹ́ àṣetiléwá, tó ń sọ èdè ilé ìwé bó ṣe yẹ kéèyàn sọ ọ́. Ìwà dáadáa ni gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni òye. Ọmọ tó dàgbà jù ní kíláàsì náà tún máa ń jàǹfààní, torí oṣù mẹ́wàá kì í ṣe kékeré fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì rọrùn kéèyàn pe ìdàgbàsókè ní ọpọlọ pípé. Ní ti òbí, àwọn tó mọ̀ pé ètò náà wà, tí àyè sì wà fún wọn láti wá sí ilé ìwé lọ́sàn-án, ni orúkọ ọmọ wọn máa ń dé ibẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì kan ṣe ìdánwò kúkúrú kan, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àpẹẹrẹ tó yé mi jù lórí èyí wá láti ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà. Agbègbè ilé ìwé ńlá kan ń lo ìdárúkọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá á yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbọ́dọ̀ gba 130 nínú IQ, òǹkà tí wọ́n fi ń wọn òye. Fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò rí jájẹ tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, 116 ni. Ní ọdún 2005 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ọmọ kíláàsì kejì ní ìdánwò àwòrán kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ onímọ̀ náà. Wọn ò re ààlà IQ wálẹ̀ rárá. David Card, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2021, àti Laura Giuliano ṣàyẹ̀wò ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016. Iye ọmọ aláìní tó wọ kíláàsì àkànṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ti àwọn ọmọ Híspáníìkì, tí ìdílé wọn wá láti àwọn ilẹ̀ tó ń sọ èdè Spéìn, ju ìlọ́po méjì lọ, ti àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sì sún mọ́ ìlọ́po méjì.

Ẹ dúró ká ronú sí i díẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n lọ́dún yẹn. Wọ́n ti wà nínú kíláàsì látọjọ́ pípẹ́, wọ́n ń jókòó síwájú tíṣà kan náà lójoojúmọ́. Nígbà tí owó wọ́n wọn lẹ́yìn ìṣòro ọrọ̀ ajé tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, wọ́n dá yíyẹ gbogbo ọmọ wò dúró, iye náà sì padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Inú mi máa ń bàjẹ́ nígbàkígbà tí mo bá ka apá yẹn.

Ìnáwó ni àwọn ilé ìwé máa ń kígbe lé lórí. Òótọ́ ni pé yíyẹ gbogbo ọmọ wò ń ná wọn ní owó àti àkókò. Ṣùgbọ́n irú ìdánwò àwòrán tí wọ́n ń lò fún un kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, gbogbo kíláàsì lè jọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, tíṣà fúnra rẹ̀ sì lè dúró tì wọ́n. Bí owó ò bá tó láti yẹ gbogbo kíláàsì wò lọ́dọọdún, ẹ mú kíláàsì kan ṣoṣo, kí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ ṣe é. Ìyẹn sàn ju kí ẹ pín owó náà sórí ìdárúkọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà.

Ṣé ká wá pa ìdárúkọ tì ni? Rárá o. Ọmọ kan lè ṣàìsàn lọ́jọ́ ìdánwò, ẹ̀rù lè ba òmíràn. Kí ìdárúkọ jẹ́ ilẹ̀kùn kejì tí ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ ìdánwò lè gbà wọlé. Ẹ má ṣe é ní àgádágodo tó máa dí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́.

IQ lọ́dọ̀ onímọ̀, àbí ìdánwò tí gbogbo kíláàsì jọ ń ṣe?

Ó dáa kéèyàn rántí ibi tí ìdánwò IQ ti wá. Alfred Binet àti Théodore Simon ló gbé èyí àkọ́kọ́ jáde ní Paris ní 1905, ohun tí wọ́n sì ń wá ni àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ kí wọ́n lè bá ẹ̀kọ́ lọ. Lewis Terman ní Yunifásítì Stanford ló tún un ṣe ní 1916. Ní 1921 ló wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí IQ wọn tó bíi 135 sókè, àwọn tó kó jọ sì lé ní 1,500. Ìdárúkọ àwọn tíṣà lòun náà fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin méjì kan ṣe ìdánwò náà, wọn ò yege: William Shockley àti Luis Alvarez. Shockley gba Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1956, Alvarez gba tirẹ̀ ní 1968. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tí Terman mú tó gba Nobel. Mi ò sọ pé IQ kò wúlò o. Ó ń sọ ohun tó dájú nípa bí ọmọ ṣe lè kẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé ìwé. Ohun tí mò ń sọ ni pé òǹkà kan ṣoṣo kò tó láti fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ.

Bí IQ ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: wọ́n ṣètò rẹ̀ kí àárín gbogbo ọmọ ọjọ́ orí kan náà jẹ́ 100. Ẹni tó gba 130 wà lára bí ọmọ 2 nínú 100 tó ga jù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò fi ààlà wọn sí. Ọmọ kan ṣoṣo ni onímọ̀ máa jókòó tì, fún bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó máa rí i bó bá rẹ ọmọ, bí ẹ̀rù bá ń bà á, bó bá mọ ìdáhùn tí kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ ọ́. Àǹfààní ńlá nìyẹn, pàápàá fún ọmọ tó ní òye púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ìwé kíkà ń yọ lẹ́nu. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, wọ́n sì pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ: òye rẹ̀ ń bo ìṣòro rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìṣòro rẹ̀ náà ń bo òye rẹ̀, ó wá dà bí ọmọ lásán lójú gbogbo èèyàn.

Ìdánwò tí gbogbo kíláàsì jọ ń ṣe kò ní ojú tó fi ń rí irú nǹkan wọ̀nyẹn. Ọmọ tó fo ìlà kan tó wá ń kun ìdáhùn rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ, máàkì rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ó pọ́ọ́kú, ó sì lè kan gbogbo ọmọ. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi ti kíláàsì ṣe àsẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ gbòòrò, kí ẹ wá tọ́jú owó onímọ̀ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ò dá yín lójú.

Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá fún yín ní ìwé èsì IQ, ẹ má wo òǹkà àárín nìkan. Ìwé èsì tó péye máa ń kọ òǹkà méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìsàlẹ̀ àti òkè. Ọmọ tó gba 128, ó lè jẹ́ bíi 122 sí 133 ni wọ́n máa kọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bó bá tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, ó lè gba 131. Ilé ìwé tó bá lé ọmọ 128 padà tó sì gba ọmọ 130 wọlé, tí kò wo ohunkóhun mìíràn, ń ṣe bí ẹni pé òun lè fi ìwọ̀n iṣu wọn wúrà.

Ìdánwò ọ̀rọ̀ àti ìdánwò àwòrán

Ìdánwò ọ̀rọ̀ máa ń béèrè ohun tó jọ: "Ìyẹ́ ni ti ẹyẹ, kí ni ti ẹja?" Ọmọ tí wọ́n ń ka ìwé fún nílé láti kékeré, tí èdè ìdánwò náà sì jẹ́ èdè ìyá rẹ̀, ti ṣíwájú kó tó jókòó. Nítorí ìyẹn làwọn kan ṣe lọ sórí àwòrán. John Raven gbé irú èyí tó gbajúmọ̀ jù jáde ní 1938: àwọn àwòrán tò ní ìlà, ọ̀kan ò sí, ọmọ á wo bí wọ́n ṣe ń yí padà, á sì mú èyí tó máa dí àlàfo náà. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan láti kà. Ìdánwò Naglieri, tí wọ́n ń pè ní NNAT, ń tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. CogAT ní tirẹ̀ pín sí mẹ́ta, ọ̀rọ̀, nọ́ńbà àti àwòrán, ó sì ń fún ọmọ ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe kìlọ̀kìlọ̀ níbí. Ìdánwò àwòrán kì í ṣe ajẹ́bíidán. Ọmọ tó ti fi àwọn ìwé eré bẹ́ẹ̀ ṣeré nílé máa ṣe é jù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sọ tó ti ọ̀rọ̀ àti ti nọ́ńbà bí ọmọ ṣe máa ṣe nínú ìwé kíkà àti ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni kíláàsì náà fẹ́ kọ́. David Lohman, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe CogAT, ti tẹnu mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí wọ́n má fi àwòrán nìkan mú ọmọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ lo àwòrán kí ẹ lè rí ọmọ tí èdè ń bò mọ́lẹ̀, kí ẹ sì lo nọ́ńbà tàbí ọ̀rọ̀ láti mọ kíláàsì tí ẹ máa fi í sí. Bí ọmọ bá gba 97 nínú nọ́ńbà àti 60 nínú ọ̀rọ̀, ẹ má pa á pọ̀ di òǹkà kan ṣoṣo tó jọ pé kò dára. Ọmọ ìṣirò lẹ rí yẹn.

Máàkì kíláàsì, àkójọ iṣẹ́, àti ìwé ìṣàkíyèsí

Máàkì kíláàsì ń sọ ohun tí ọmọ ti kọ́ àti bó ṣe ń tẹ̀ lé àṣẹ. Ó dára fún ètò tí iṣẹ́ rẹ̀ le tó sì gba kéèyàn lè jókòó ti iṣẹ́. Ọmọbìnrin 7/8 yẹn ni yóò máa bá a kọ́sẹ̀.

Àkójọ iṣẹ́ ọmọ wù mí ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí èèyàn lè rí ìrònú ọmọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gba kí ẹni méjì ka iṣẹ́ kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má sì mọ orúkọ ọmọ. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú rere àti ojú búburú á dá sí i. Àwọn kan tún ń lo ìdánwò Torrance tó ń wá ìrònú tuntun lọ́wọ́ ọmọ. Fún ètò iṣẹ́ ọnà àti ti àwọn tó fẹ́ dá nǹkan sílẹ̀, ó lè wúlò. Fún kíláàsì ìṣirò, mi ò rí ohun tó fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Joseph Renzulli, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà, sọ ní 1978 pé nǹkan mẹ́ta ló ń pàdé lára ẹni tó ń ṣe ohun ribiribi: ọpọlọ tó ju ti ọ̀pọ̀ lọ, àtinúdá, àti ìfaramọ́ iṣẹ́. Irú èrò yìí ló wà nínú ìwé ìṣàkíyèsí tí tíṣà ń kún, tó ń béèrè bóyá ọmọ "ń béèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀" tàbí "kì í tètè jáwọ́". Bí ẹ bá máa lò ó, kí tíṣà kún un fún gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn tó wù ú nìkan ló kún un fún, ìdárúkọ lẹ tún padà sí yẹn, ẹ kàn wọ̀ ọ́ ní aṣọ mìíràn ni.

Bí ẹ ṣe ń pa máàkì pọ̀

Gbogbo ilé ìwé ló máa ń fi ẹnu sọ pé àwọn ń lo "ohun tó ju ọ̀kan lọ". Ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn yẹn tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pa wọ́n pọ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ọmọ sílẹ̀ láìjẹ́ kó hàn. Ẹ wo ọmọ mẹ́ta yìí, ẹ jẹ́ ká ní 90 ni ààlà:

| | Ìṣirò | Èdè | "Gbogbo rẹ̀ ni kó tó 90" | "Kí ìpíndọ́gba tó 90" | "Kí ọ̀kan tó 90" |
|---|---|---|---|---|---|
| Ọmọ kìíní | 98 | 80 | ó já | ó já (89) | ó wọlé |
| Ọmọ kejì | 91 | 90 | ó wọlé | ó wọlé (90.5) | ó wọlé |
| Ọmọ kẹta | 96 | 86 | ó já | ó wọlé (91) | ó wọlé |

Ọmọ kan náà, ìdánwò kan náà, ààlà kan náà. Òfin tí ẹ kọ sínú ìwé ìpàdé ló yí wọn padà. "Gbogbo rẹ̀ ni kó tó" dà bí òfin tó ṣe gírígírí, àwọn ìgbìmọ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ torí ó jọ pé wọn ò gba ìgbàkugbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó lé lọ: ọmọ tó mọ ìṣirò jù lọ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo ìdánwò ló ní àṣìṣe díẹ̀ nínú, bí ẹ bá sì to ìdánwò mẹ́ta tẹ̀ léra gẹ́gẹ́ bí ẹnubodè, àṣìṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọmọ kan gbọ́dọ̀ là kọjá. Ìpíndọ́gba ni mo fara mọ́ bí ètò náà bá kan gbogbo ẹ̀kọ́, torí àṣìṣe tó wà nínú èyí àti èyí máa ń dín ara wọn kù. Bí kíláàsì bá jẹ́ ti ẹ̀kọ́ kan, ẹ lo "ọ̀kan", kí ọ̀kan yẹn sì jẹ́ ti ẹ̀kọ́ náà gan-an. "Gbogbo rẹ̀" dára níbi tí àṣìṣe gbígba ọmọ wọlé ti lè pa ọmọ lára, bíi kí ọmọ fo kíláàsì méjì lẹ́ẹ̀kan.

Ta lẹ ń fi ọmọ wé?

Ọ̀rọ̀ yìí ò gùn, ṣùgbọ́n ó wúwo. Bí ẹ bá fi ọmọ wé gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé ìwé kan lè ní ọgbọ̀n olóye, kí èkejì má ní ẹyọ kan. Ní ilé ìwé kejì yẹn, ọmọ tó ga jù ṣì wà nínú kíláàsì tí iṣẹ́ rẹ̀ ti sú u, kò sì sẹ́ni tó fún un ní nǹkan mìíràn ṣe. Bí ẹ bá ń wá ọmọ tí kíláàsì rẹ̀ kò tó fún, àwọn tó jọ wà nínú ilé ìwé yẹn ni kí ẹ fi í wé, kí ẹ mú bí ọmọ 5 nínú 100 tó ga jù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé ìwé kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ kó ọmọ gbogbo agbègbè jọ sí, ẹ lo ìwọ̀n tó kan gbogbo wọn. Ìwọ̀n yòówù kó jẹ́, kí ó máa ka ọjọ́ orí ọmọ ní oṣù. Ọmọ tó kéré jù nínú kíláàsì ò gbọdọ̀ máa san gbèsè ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Ìgbà wo, àti ẹ̀ẹ̀melòó?

Ìlú New York fi ìdánwò yan àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ fojú inú wo ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń jókòó ti ẹni tí kò mọ̀ rí. Ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń yege wá pọ̀ bí omi, ẹni tó lówó ló sì ń san án. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2021 ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú náà kọ̀ láti fọwọ́ sí àdéhùn ìdánwò yẹn, wọ́n sì lọ sórí kí tíṣà sọ èyí tó yẹ, kí wọ́n wá ṣẹ́ kèké láàárín wọn. Singapore, tó bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní 1984, dúró títí ọmọ fi dé bí ọdún mẹ́sàn-án, ó ṣe ìdánwò ní ìpele méjì, ó sì mú bí ọmọ 1 nínú 100. Ní 2024 ìjọba wọn kéde pé àwọn máa yí i padà, kí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè máa tọ́jú àwọn ọmọ olóye tirẹ̀.

Nínú méjèèjì, ti Singapore ló sàn lójú mi ní ti ọjọ́ orí, torí òye ọmọ ọdún mẹ́rin ṣì ń yí bí ojú ọjọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má yan ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì ti ìwé pa. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ti ṣíṣẹ́ kèké, mo fara mọ́ ọn níbi kan péré: bí àwọn tó kọjá ààlà bá ju àyè lọ. Ó sàn kí kèké yà wọ́n ju kí wọ́n fi ìdajì máàkì yà wọ́n, bí ẹni pé ìdajì máàkì yẹn ní ìtumọ̀.

Èwo ni kí ẹ mú?

Ilé ìwé kékeré tí kò lówó: ẹ mú kíláàsì kan, kí gbogbo ọmọ ṣe ìdánwò ìṣirò àti ìwé kíkà tó ga ju ipele wọn lọ ní ọdún kan. Ẹ mú àwọn tó ga jù nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí tíṣà fi àkójọ iṣẹ́ ṣe ilẹ̀kùn kejì. Kò gba onímọ̀, kò gba ìdánwò olówó ńlá.

Agbègbè ńlá tó ní ilé ìwé púpọ̀: ìdánwò kúkúrú fún gbogbo ọmọ, ọ̀rọ̀, nọ́ńbà àti àwòrán lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi ọmọ wé àwọn tó wà nílé ìwé rẹ̀. Ẹ fi ìpíndọ́gba pa máàkì pọ̀, kí onímọ̀ sì yẹ àwọn tó wà ní etí ààlà wò pẹ̀lú àwọn tí ìwé kíkà ń yọ lẹ́nu.

Ètò tí ọmọ á ti fo kíláàsì: onímọ̀, ìdánwò tó ga ju ipele lọ, àti ìjíròrò pẹ̀lú ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́.

Ẹ̀yin òbí tí kò ní agbára lórí ọ̀nà tí ilé ìwé yín mú, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ṣé gbogbo ọmọ ló ṣe ìdánwò ni, àbí àwọn tí wọ́n dárúkọ? Ẹ̀kọ́ wo ni kíláàsì náà ń kọ́, ìdánwò wo ló sì bá a mu? Báwo ni wọ́n ṣe ń pa máàkì pọ̀? Ìgbà wo ni ọmọ tó já lè tún un ṣe? Bó bá jẹ́ IQ ni, ẹ jẹ́ kó tó ọdún kan kó tó tún un ṣe, torí bó bá yá jù, ìrántí ìbéèrè lè gbé máàkì ga, kò sì ní jẹ́ òye ọmọ. Bí ọmọ yín bá já tó sì dá yín lójú pé òye rẹ̀ wà, ẹ má kọ lẹ́tà tó kún fún ìyìn lọ síbẹ̀. Ẹ mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ ṣí i sí ojú ewé tí ìrònú rẹ̀ ti hàn, kódà bí wọ́n bá ti fi bírò pupa yọ máàkì níbẹ̀, kí ẹ ní kí ẹni tó mọ ẹ̀kọ́ náà jókòó kà á níṣojú yín.